Ọdún Mẹ́ta Tí Ìyá Kìṣí Gé Sọnù

Tí ẹ bá bi Ọmọ́yẹlé pé ọdún wo ló lọ́kọ, kò ní dá yín lóhùn bí àwọn oníwèé ṣe ń dáhùn. Á ní, "Ọdún tí òkun jẹ kànga ìjọba ni." Bàbá rẹ̀ ńkọ́, ọdún wo ló kú? "Ọdún tí òkun gbé ṣọ́ọ̀ṣì, tó ku agogo nìkan nílẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń ka ọdún ní Araromi nìyẹn, níbi tí wọ́n ti bí i. Àwọn ará ibòmíràn máa ń gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ara ògiri. Ará Araromi wo ló ní ògiri tó máa pẹ́ tó kàlẹ́ńdà? Òkun fúnra rẹ̀ ni kàlẹ́ńdà wọn, kì í sì í ṣe ewé ló ń já sílẹ̀, ilé ló ń já.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ìtẹ́olúwakìṣí lorúkọ ẹ̀. Wọ́n gé e sí Kìṣí torí orúkọ yẹn gùn ju ọmọ náà lọ. Ìtẹ́ Olúwa kì í ṣí lóòótọ́, àmọ́ gbogbo nǹkan tó kù ní Araromi ló ń ṣí. Ọdún tí òkun jẹ ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n bí Kìṣí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n gbé e jáde níbẹ̀, omi dé, ó kó bẹ́ẹ̀dì, ó kó òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn ọmọ, ó kó ìwé ńlá tí Ìyé Bùsọ́lá agbẹ̀bí ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sí. Ọmọ́yẹlé dúró létí òkun, ó pọn ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òkun pẹ́ dé, ọmọ òun ti bọ́. Kò mọ̀ pé ìwé tó lọ yẹn, òun ṣì máa wá a títí ojú á fi pọ́n.

Kìṣí ò kánjú sí nǹkan kan láyé. Nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ń rá, òrùlé ló ń wò. Nígbà tí wọ́n ń sáré lórí afárá pákó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di òpó mú. Ó pé ọdún márùn-ún, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò ju mẹ́fà lọ: ìyá, omi, ẹja, wá, rárá, àti bàbá. Bàbá yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti wọ ṣòkòtò ló ń pè bẹ́ẹ̀, títí kan Beauty, ọmọge tó ń ta búrẹ́dì, tí jíǹsì kì í kúrò nídìí ẹ̀. Àwọn obìnrin á fi ohùn oníṣúgà bá Ọmọ́yẹlé sọ̀rọ̀: "Ìyá Kìṣí, ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá tèmi náà ò tètè sọ̀rọ̀ o." Tó bá ti yíjú báyìí, ohùn á wálẹ̀: "Ẹ ẹ̀ wo ojú ọmọ yẹn? Ó ń wo'ni bí ẹja orí igbá."

Wọ́n mú un lọ sílé-ìwé. Ó pé ọdún mẹ́jọ, nọ́sìrì ló ṣì wà, láàárín àwọn tó ń tọ̀ sára. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti wọ Praimárì Mẹ́ta. Láràárọ̀ wọ́n á tò sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Bàbá Nọ́sìrì, ẹ káàárọ̀ sà! Ṣé ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Kìṣí á rẹ́rìn-ín, á dá wọn lóhùn pé "Ẹja." Inú ẹ̀ máa ń dùn. Ìyá ẹ̀ ló máa ń wọlé lọ sunkún nídìí ààrò, tó bá jáde, á ní èéfín ni.

Ìgbà tó yá, òkun dé orí ilé tiwọn náà. Omi kó àpótí, ó kó káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ, ó kó fọ́tò ìsàmì. Jọọlá, ọkọ ẹ̀, gbé ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ó gba ojú omi Kamẹrúùnù lọ pẹja. Ọmọ́yẹlé kó ọmọ ẹ̀ àti awọ̀n edé méjì, ó gba Zion Pepe lọ, níbi tí gbogbo ilé ti dúró lórí òpó nínú omi, sínú ilé ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ tó ṣófo. Inú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ ló ti rò ó pé: ibi tá à ń lọ yìí, ta ló mọ̀ wá? Ta ló mọ ọjọ́ tí mo bí ọmọ yìí?

Kìṣí ò tóbi. Ẹgbẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ló jọ. Ọmọ́yẹlé pe Jọọlá lórí fóònù. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ọ̀rọ̀ ń já.

"Bàbá Kìṣí, mo fẹ́ gé ọjọ́ orí ọmọ yìí."

"O fẹ́ gé kí ni?"

"Ọjọ́ orí! Kí n lè fi í sí Praimárì Kan bí ẹni tuntun."

Jọọlá rẹ́rìn-ín wuuruwu lọ́hùn-ún. "Gé e jàre! Àwọn agbábọ́ọ̀lù ò ń gé e? Ọ̀gá ọ́fíìsì ò ń gé e? Ti ọmọ ẹ l'Ọlọ́run á wá bínú sí?"

Bó ṣe gba Igbókòdá lọ nìyẹn, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé ìbúra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù. Ọkùnrin náà ò wojú ẹ̀, kò wojú ọmọ. "Ọdún tí ẹ bí i?" Ọmọ́yẹlé gé ọdún mẹ́ta sọnù bí ẹni gé lẹbẹ ẹja. "Ẹ búra pé òótọ́ ni." Ó búra. Wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa sí i, gbàm! Kìṣí ọmọ ọdún mẹ́jọ wọ kóòtù, ọmọ ọdún márùn-ún ló bá jáde.

Ó wá ku kí Kìṣí fúnra ẹ̀ gbà. Ọmọ tí kò lè rántí orúkọ ọjọ́ tá a wà, ìyá ẹ̀ mú un jókòó sídìí ààrò, ó mú ṣáwá yíyan kan dání. "Kìṣí, ọdún mélòó ni ọ́?" Kìṣí wo ẹja. "Márùn-ún, ma. Sọ ọ́. Márùn-ún, ma." Oṣù méjì gbáko! Ṣáwá tí wọ́n jẹ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ó kún apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wá wọ̀ ọ́ lórí, kò jáde mọ́. Tí ìyá ìjọ bá kí i pé "Ẹ ǹ lẹ́ ńbẹ̀ yẹn," á na ara gbọnrangandan: "Márùn-ún, ma!" Á sì na ọwọ́, torí ẹja. Tí ọdún bá yí, ìyá ẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ṣáwá mìíràn: mẹ́fà, ma. Méje, ma. Mẹ́jọ, ma. Nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ́ Kìṣí láyé, irọ́ yẹn nìkan ló mọ̀ dunjú.

Ọdún àkọ́kọ́ dùn. Láàárín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, Kìṣí ṣe ipò kẹta. Ọ̀gbẹ́ni Godwin, hẹ́dímásítà, tí kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ wúkọ́ bí ẹ́ńjìnnì tí omi wọ̀, ló pe Ọmọ́yẹlé sí ìta. "Ẹ̀hẹẹn. Ìyá. Ọmọ yín yìí, ẹ̀hẹẹn, ọmọ tó jáfáfá ni." Látìgbà tí wọ́n ti bí Kìṣí, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ́yẹlé ò mọ ẹsẹ̀ tó gbé dé ilé. Ó ro pupurú, ó gbé e fún aládùúgbò mẹ́ta, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Irọ́ yẹn wá dà bí omi òkun lẹ́nu ẹ̀: bó ṣe ń mu ún sí i ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ sí i.

Ọdún kejì, àwọn ọmọ kéékèèké yẹn bá Kìṣí. Ọdún kẹta, wọ́n kọjá lára ẹ̀ fìì, bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ṣe ń kọjá lára ọkọ̀ àjẹ̀. Praimárì Méjì ló jókòó sí, ó jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tísà tuntun kan wá dé, Rejoice lorúkọ ẹ̀, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan báyìí tó ń rìn lórí pákó bíi pé pákó náà ń sùn. Òun ló kọ́kọ́ wo Kìṣí dáadáa. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án. Tí Ọ̀gbẹ́ni Godwin bá ti gbé ẹgba, "Ẹ̀hẹẹn, ta ni kò kọ nǹkan kan?", Rejoice á ti bọ́ síwájú: "Sà, ẹ fi ti Kìṣí sílẹ̀. Nǹkan tó ń ṣe é kì í ṣe ẹgba."

Òun náà ló wá bá Ọmọ́yẹlé níbi tó ti ń sá edé.

"Mà, ilé-ìwé kan wà l'Ákùúrẹ́ fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń rọra bọ̀. Wọ́n máa kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ, wọ́n máa kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́. Ibẹ̀ ni á máa gbé. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ mẹ́wàá péré ni wọ́n fẹ́ mú láti etí omi."

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Nǹkan kan ò sí o. Wọ́n máa yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò ni. Ó gbọ́dọ̀ fi ọdún méjì, ó kéré tán, wà lẹ́yìn ọjọ́ orí ẹ̀. Tó bá ti fi ọdún méjì sẹ́yìn, ó wọlé."

Ọmọ́yẹlé fi ọwọ́ eléédé nu ojú. Ọdún méjì? Kìṣí tí kò mọ ìyàtọ̀ àná sí ọ̀la! Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó kéré sí i gan-an. Ọ̀rọ̀ ìwé kóòtù ò sí lọ́kàn ẹ̀ rárá. Irọ́ náà ti di òpó abẹ́ ilé. Tí omi bá ti bo òpó, ta ló ń rántí ẹ̀? Gbogbo wa ṣáà ń sùn nínú ilé.

Àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, Kingsley tó ń wa ọkọ̀ ń pariwo létí omi: "Igbókòdá! Igbókòdá wọlé! Ẹni tó sanra jókòó sáàárín o, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìyá onípupurú!" Ó rí Kìṣí nínú ẹ̀wù tó tóbi jù ú lọ, tó dé e ní eékún. "Ọ̀gá mi, ibo là ń lọ?"

"Mẹ́jọ, ma!" ni Kìṣí wí.

"Ó da, a ó gbé ẹ dé Mẹ́jọ."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ́yẹlé náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo nǹkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò l'Ákùúrẹ́ ń jẹ́ Àǹtí Àràmídé. Ènìyàn dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ó ń fi imú sọ Yorùbá, bíi pé Yorùbá náà ń rùn sí i díẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mọ́mì. Dáálì, wá jókòó, jókòó fún àǹtí, ẹ̀n-ẹ̀ẹ́n, gúùdù bọ́ì!" Ó gba ìwé kóòtù, ó ka ọjọ́ ìbí, ó kọ ọ́ sórí bébà ẹ̀. Ọmọ́yẹlé ń wo fáànù.

"Ọdún mélòó ni ọ́, dáálì?"

Kìṣí na ara. "Mẹ́jọ, ma!"

"Wáò! Ketekete!" Ó fàmì síbẹ̀.

Ó kó igi kéékèèké aláràbarà jáde, ó ní kí ó tò ó bíi ti àwòrán. Kìṣí tò ó. Ṣé ẹni tó ń bá ìyá ẹ̀ to ẹja sórí ààrò láràárọ̀ ni ẹ fẹ́ kọ́ ní nǹkan títò? Ó ní kó fi okùn gba inú ìlẹ̀kẹ̀. Kìṣí fi okùn gba inú ìlẹ̀kẹ̀ fìrìfìrì, bí ẹni ń gún ẹja ní igi. Ó ní kó ya èèyàn. Ó ya orí, ó ya ara, ó ya ẹsẹ̀, ó wá fi àjẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó ní kó máa pe nọ́ńbà tẹ̀lé òun: méje, méjì, mẹ́sàn-án, márùn-ún. Kìṣí pe mẹ́ta àkọ́kọ́, ó gbàgbé ìkẹrin, ojú ẹ̀ wá sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan. Ìyá tó gbé ọmọ rìn láti etí òkun kí ọmọ náà lè fìdí rẹmi, ètè ẹ̀ ló ń mì yìí. "Márùn-ún," ètè ẹ̀ ń wí, láìsí ohùn. Ó ń wúkọ́ bíi Godwin. Tí Kìṣí bá fẹ́ mú igi tí kò yẹ, á mi orí díẹ̀; tó bá mú èyí tó tọ́, á mí kanlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń dúró de ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀ máa yege níwájú àlejò. Ọjọ́ náà ló wá dé yìí, ọjọ́ tí kò yẹ kó dé rárá, kò sì lè mú ojú kúrò.

"Mọ́mì," Àǹtí Àràmídé fi imú rẹ́rìn-ín, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí àga yín sí ògiri. Ìwọ̀n tó yẹ kí ẹ ràn án lọ́wọ́ ti tó."

Ó kọjú sí ògiri bí ọmọ tó ṣẹ̀. Ó ń gbọ́ igi tó ń dún, kọ́, kọ́, kọ́, ó sì ń gbàdúrà. Àdúrà tó ń gbà, òun náà ò mọ èwo ni.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, Àǹtí Àràmídé ní kí Kìṣí la ẹnu, ó wo eyín ẹ̀. "Háà, eyín ẹ̀ yára pààrọ̀ o, fún ọmọ ọdún mẹ́jọ!" Ó jókòó, ó ro nǹkan pọ̀ lórí bébà, ó gbé ojú sókè tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mọ́mì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọpọlọ ẹ̀ ń ṣe bíi ti ọmọ ọdún méje. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ọdún kan péré ló fi wà lẹ́yìn. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Ẹ máa bá a kàwé nílé, ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹyin."

Ọmọ́yẹlé ò dúpẹ́. Ó ń ṣírò. Mẹ́jọ yọ méje, ó ku ẹyọ kan. Mọ́kànlá yọ méje... Lójijì ni òpó yẹn fara hàn nínú omi.

"Àǹtí, kì í ṣe mẹ́jọ."

"Kí ni kì í ṣe mẹ́jọ?"

"Mọ́kànlá ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Mo gé e ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àǹtí Àràmídé, imú náà kúrò nínú Yorùbá ẹ̀. Ó gbé ìwé kóòtù sókè. "Òǹtẹ̀ nìyí. Ìka yín nìyí. Ẹ búra."

"Irọ́ ni mo pa nígbà yẹn."

"Àbí ìsinsìnyí lẹ ń pa á? Ẹ má bínú, mọ́mì, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan jókòó sórí àga yẹn, ó fi ọdún méjì kún ti ọmọ ẹ̀ kí wọ́n lè mú un. Ọmọ yín náà sọ fún mi pé mẹ́jọ ni òun."

"Èmi ni mo kọ́ ọ!"

"Nígbà náà, ẹ kọ́ ọ dáadáa." Ó ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ mú nǹkan wá fún mi. Káàdì abẹ́rẹ́, káàdì ìsàmì, ìwé ilé ìgbẹ̀bí, ohunkóhun tí wọ́n kọ ọdún sí. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ á parí orúkọ. Mo máa dúró dè yín."

Ọmọ́yẹlé pe Jọọlá. Jọọlá bínú. "O fẹ́ kí wọ́n wá gbé mi ní Kamẹrúùnù ni? O ní o gé e, ká tún wá sọ pé a lẹ̀ ẹ́ padà?" Ó pa fóònù. Nígbà tí Ọmọ́yẹlé dé Igbókòdá, ó dúró lọ́dọ̀ ọkùnrin onítẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà wojú ẹ̀. "Ẹ ti búra pé ọdún báyìí, ẹ tún fẹ́ búra pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Èwo wá ni èké níbẹ̀? Ìyá, wọ́n máa ń fi ènìyàn sẹ́wọ̀n fún ìbúra èké o. Ẹ máa lọ sílé, mi ò rí yín."

Ó ku Araromi. Ìyé Bùsọ́lá ti darúgbó. Ilé ẹ̀ ti sún kúrò létí òkun lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó wá ń gbé nínú yàrá onípáànù kan. Ó mọ Ọmọ́yẹlé kó tó jókòó.

"Ìyá ọmọ tí kò sunkún! Mo gbá a nídìí, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ó wulẹ̀ ń wò mí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣé ó ti wá ń sunkún?"

"Ìyé, ọdún wo ni mo bí i?"

"Ọdún tí òkun jẹ ilé ìgbẹ̀bí."

"Mo mọ̀, Ìyé. Ọdún wo ni ti ìwé? Ti òyìnbó?"

"Ọma mi, kí ló kan òyìnbó? Ṣé ilé òyìnbó ni òkun jẹ?" Màmá náà bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó dìde. Ó mú ọ̀pá, wọ́n rọra rìn lọ sétí òkun. Ó na ọ̀pá sí ibì kan lọ́hùn-ún, ibi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun, ó jìn tó ibi tí wọ́n ti ń ju awọ̀n. "Ìwé ọmọ ẹ wà níbẹ̀ yẹn. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, pẹ̀lú bírò búlúù. Tó o bá lè wẹ̀, lọ mú un."

Ohun tí wọ́n rí ṣe náà ni pé ọmọ-ọmọ màmá náà kọ ọ́ sínú ewé ìwé kan pé Ìyé Bùsọ́lá ló gbẹ̀bí Ìtẹ́olúwakìṣí, ní ọdún tí òkun jẹ ilé ìgbẹ̀bí, ní Araromi. Wọ́n po dúdú ìdí ìkòkò pọ̀ mọ́ epo, màmá tẹ àtàǹpàkò ẹ̀ sí i. Dúdú ńlá.

Ní Ọjọ́bọ̀, Àǹtí Àràmídé ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí i padà bóyá nǹkan wà lẹ́yìn. "Ọdún wo ni òkun jẹ ilé ìgbẹ̀bí?"

"Ọdún tí mo bí Kìṣí ni, mà."

Obìnrin yẹn ò fi í rẹ́rìn-ín, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ẹ̀ rọ̀. "Ìyá Kìṣí, mo gbà yín gbọ́," ló wí. "Ìwé tẹ́ ẹ mú wá yìí ni ìgbìmọ̀ ò ní gbà gbọ́." Ó bu ọwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò, ó fi ọ̀kan fún un, ó ní èkejì á lọ sílé-ìwé Kìṣí. Ọmọ mẹ́wàá ti pé. Nígbà tí Ọmọ́yẹlé jáde, ó rí ìkẹwàá lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan tó di yẹ̀rì ìyá ẹ̀ mú. Ó wò ó títí. Kò rí ẹ̀bi kankan lára ẹ̀.

Ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Kò tán. Ní Ọjọ́ Ajé, ìwé yẹn ti dé iwájú Ọ̀gbẹ́ni Godwin. Àwọn ọmọ tò sórí pákó iwájú ilé-ìwé, Ọmọ́yẹlé sì ń tu ọkọ̀ edé ẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ẹ̀hẹẹn! Àkúrẹ́ ti sọ̀rọ̀! Wọ́n ní kí ni? Wọ́n ní ọpọlọ ọmọ yìí, ẹ̀hẹẹn, pé pérépéré! Kò sí àìsàn, kò sí ohunkóhun. Nítorí náà, kí ni ń ṣe é?"

"Ọ̀lẹ, sà!" gbogbo ilé-ìwé dáhùn.

"Kìṣí, ka nǹkan tó wà lójú pátákó."

Kìṣí wo pátákó. Ó wo hẹ́dímásítà. Ó na ara. "Mẹ́jọ, ma!"

Àwọn ọmọ fọ́n ẹ̀rín ká. Ọ̀gbẹ́ni Godwin gbé ẹgba.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́," Tísà Rejoice bọ́ síwájú, "nǹkan tó ń ṣe é..."

"Tísà Rejoice. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹ mọ̀ ju Àkúrẹ́ lọ ni?"

Rejoice dúró síbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wálẹ̀. Ẹgba àkọ́kọ́ dún. Ìkejì dún. Ọmọ́yẹlé ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó dìde nínú ọkọ̀, ọkọ̀ ń fì, ó ké tòò láti ojú omi:

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀! Kì í ṣe mẹ́jọ! Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni!"

Ẹgba dúró lókè. Hẹ́dímásítà tẹ̀ wo ìsàlẹ̀ láti orí pákó, ó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀. "Ẹ ní mélòó?"

"Mọ́kànlá, sà. Mo gé e ni."

"Ẹ̀hẹẹn." Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ gbọ́ nǹkan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Praimárì Méjì. Kò mọ A." Ó fi ẹgba kan pákó. "Ó ṣe tán, mẹ́fà ni mo fẹ́ fún un. Ó ti di mẹ́jọ."

Láti ìlà ẹ̀yìn, ọmọ kan ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Bàbá Praimárì Méjì, ẹ káàárọ̀ sà! Ṣé ìyàwó ńkọ́?"

Wọn ò bí ọmọ yẹn ní Araromi. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní yẹ̀yẹ́ yẹn. Ó hù fúnra ẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́, Ọmọ́yẹlé fi omi gbígbóná jó ìdí Kìṣí. Lẹ́yìn náà, ó gbé e jókòó sídìí ààrò, ó mú ṣáwá kan láti orí iná. Ó ti pinnu. Ká ní ọdún mìíràn wà, ká ní ọmọ mẹ́wàá mìíràn wà, ẹnu Kìṣí fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ òótọ́.

"Kìṣí, gbọ́. Ọdún mélòó ni ọ́? Mọ́kànlá, ma. Sọ ọ́. Mọ́-kàn-lá, ma."

Kìṣí wo ẹja. Ó wo ìyá ẹ̀. Ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀, torí nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í láyé, èyí nìkan ni kò ṣì rí. Ó na ara gbọnrangandan.

"Mẹ́jọ, ma!"

Ó sì na ọwọ́.

Ọmọ́yẹlé di ẹja náà mú títí ó fi tutù. Ó wá yọ egungun inú ẹ̀ kúrò, ó fi í lé e lọ́wọ́.